Ata Inú Ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Ọkọ Mi

Àǹtí Mọ́ṣádé, olóòtú ètò wa, àlàáfíà fún yín o, àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mò ń gbé.

Egbò kì í tán lẹ́nu mi. Mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí mo po iyọ̀ sí ṣan ẹnu, mo sì ń fi oyin pa ojú egbò náà. Ó máa ń san bí mi ò bá jẹ ata. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ló ń se oúnjẹ ilé, ata ìkọ́kọrẹ́ wọn sì pọ̀ púpọ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ní mi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n bá kọjú sí ọkọ mi.

"Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

Mo yanu kí wọ́n lè rí egbò náà.

"Ẹnu tó ń bà mí jẹ́ kiri ló ń jẹrà yẹn!"

Ọkọ mi wolẹ̀, ó ń jẹ tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ ẹ́ tomijé-tomijé. Inú wọn dùn pé ìjà ti tán, wọ́n tún ń bù sí i fún mi. Àǹtí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ata láì kọ ìyá?

Èmi ìyàwó ilé kan.