Bàbá Mi, Ẹ Fi Ṣọ́ọ̀kì Fa Ìlà Kan

Yàrá ẹ̀yìn,
Ilé yín, Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́bọ̀.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Alhaji Rùfáì,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mo wá ń kọ lẹ́tà. Bàbá, ẹnu mi ò lè parí ọ̀rọ̀ yìí ni.

Iṣẹ́ tí mo ń bá àwọn àgbẹ̀ Afo àti Imeri ṣe lórí kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́sẹ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ ìdílé wọn ni mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà kọ sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní XML. Àmì kéékèèké ni mo ń fi sórí nǹkan kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ oníbàárà kẹ́ ẹ tó gé e: kọ eléyìí, báyìí ni kó o pè é, fo tọ̀hún.

Mo ní kó kọ bàbá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo tún ní kó kọ ọmọ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Yéè! Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ dá a padà sọ́dọ̀ bàbá, títí ó fi há, tó ń ké pé ojú kan náà lòun ń yí po. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í. Ni omijé bá bọ́ lójú mi, torí àwa méjèèjì ni mo rí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí síṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ẹ ó ní, "Ìyá rẹ ti kú, ta lo fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?" Màá ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kọ́ṣẹ́ yìí." Ẹ ó ní, "Kó o lè ríṣẹ́ nítòsí mi ni." Màá ní kò síṣẹ́ nítòsí. Ẹ ó tún bi mí pé ta ni mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ fún. Ó ti sú mi, Bàbá. Ilé yìí ti ń fún mi lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn yín.

Àmì kan ṣoṣo ló tú kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Mo fi í sórí "bàbá" lára ọmọ, pé kó fo ó, kó má padà sẹ́yìn mọ́. Orúkọ bàbá ò parẹ́ o. Òun ló ṣì wà lókè, ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí mi ní Abẹ́òkúta. Mi ò ní lọ láìgbàṣẹ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Naimat, àbúrò yín, ti ní àwọn á wá máa gbé níbí.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún yín sàn, kó jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè mi.

Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní,
Rùqáyyàh.

Àfikún: Orí máṣíìnì yín ni mo fi lẹ́tà yìí sí, mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé e. Tẹ́ ẹ bá yọ̀ǹda mi, ẹ fa ìlà kan sẹ́yìn ìwé yìí, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, màá dáhùn, a ó sì tún máa yí po.