Ẹ̀tù Tó Ń Mú Ọwọ́ Mi Gbọ̀n

Monínúọlá aya mi,

Ṣé àlàáfíà ni ní Fájuyì? Ara mi le koko ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdíje ìbọn ìléwọ́ ẹgbẹ́ wa ti dé tán, àwa fúnra wa la sì ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn. Mo ṣáná sí díẹ̀ lórí òkúta bí bàbá mi ọdẹ ṣe máa ń ṣe ní Ìjan, mo sì mú èyí tí kì í jẹ́ kí ìbọn ta mọ́ni lọ́wọ́ jù. Mi ò tàsé rárá, àfi ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé pé Ayọ̀kúnlé, ayálégbé wa, ló ń bá ọ gúnyán. Inú mi dùn gan-an. Ó ṣeun. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀tù títí, ọwọ́ mi ò yé gbọ̀n.

Bá mi kí ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ayọ̀kúnlé náà. Sọ fún un pé èmi náà mọ iyán gún.

Ọkọ rẹ,
Ọmọ́níyì