Èwo Nínú Ẹ̀rọ Amọ̀nà Méjèèjì Ni Kí Ṣèyí Mú Lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà

Ìbógùn, lọ́nà Ìfọ̀
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò

Ṣèyífúnmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Sùúrùlérè ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Ọlọ́run tó jí wa lónìí kò ní gbàgbé rẹ láàárín èrò Èkó yẹn, o ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Gbágùúdá ti yọ ewé, ewúrẹ́ Ìyá Hameedah bí mẹ́ta, ó sì ti jẹ nínú ewé gbágùúdá náà, ìyẹn la fi ń bára wa jà láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n a ṣì ń kí ara wa.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá pè, wàá ní Mọ́mì, mo wà níbi iṣẹ́, èmi náà á wá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ, tàbí kí ẹkún gbà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé. Yínúsà ló máa yà á ní fọ́tò, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù.

Àwọn ẹ̀rọ amọ̀nà méjèèjì, èyí tí ẹ ń pè ní jípíẹ́ẹ̀sì, dé ọwọ́ mi láyọ̀. O ní kí n gbé wọn fún Yínúsà rewáyà, ayálégbé wa tó ń tún iná mọ́tò ṣe, kó yẹ̀ wọ́n wò, kó sọ èyí tó dára jù tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa fi wa jíìpù dé Sẹ̀nẹ̀gà, nítorí ẹni tó tà wọ́n ní o lè dá ọ̀kan padà láàárín ọjọ́ méje. Mo gbé wọn fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan kan tí o kò mọ̀, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́.

Mo bẹ Yínúsà pé kó sọ fún ọ pé méjèèjì ti bàjẹ́. Mo rò ó pé bí kò bá sí amọ̀nà, ẹ ò ní lọ. Ọmọ mi, ìrìn àjò yẹn ò yé mi. Nígbà tí èmi ń lọ sí Lòmé, aṣọ ni mo ń lọ rà, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ní o kàn fẹ́ lọ rí i ni. Ta ló ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa mọ́tò kọjá bodè mélòó kan nítorí àtirí nǹkan? Wáyà ni Yínúsà ń bó lọ́wọ́ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tó yá, ó ní Mama Ṣèyí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn jáde ká dán wọn wò, bí wọn ò bá dáa, á jẹ́ pé mi ò ní purọ́ kankan nìyẹn. Bí a ṣe ṣètò pé a máa wa mọ́tò rẹ̀ dé Mòwé láàárọ̀ àná nìyẹn. Mi ò ní tàn ọ́, mo gbàdúrà kí n tó jáde nílé pé kí ẹ̀rọ méjèèjì má ṣiṣẹ́.

Ó gbé wọn síwájú mọ́tò, èyí ńlá tó ń lo síìmù bíi fóònù, àti èyí kékeré dúdú tí Yínúsà ní wọ́n ti kó gbogbo ọ̀nà sí nínú tẹ́lẹ̀. Bí kékeré yẹn ṣe tàn, ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ gbé jáde lójú rẹ̀. Mo ní Yínúsà kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan títí yóò fi kà á sí mi létí. Ó ní wọ́n sọ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọrùn awakọ̀ ni yóò wà. Mo ní ta ló wá gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi? Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó. Mo kí i pé ẹ káàárọ̀ mà. Kò dáhùn, mo gbà pé èrò tó ń dá lóhùn ló pọ̀. Yínúsà ní kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, ó ní àwọn nǹkan kan tó wà lókè ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí a wà. Mo bi í pé bí òjò bá wá dé ńkọ́, ibo ni wọ́n máa ń sá sí? Ó ní wọ́n ga ju ibi tí òjò ti ń rọ̀ lọ. Títí di báyìí, mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí obìnrin náà ní ó ku igba mítà ká yà, inú mi dùn díẹ̀, mo ní ẹlẹgbẹ́ mi ni, ó ti ta aṣọ rí tó fi ń ka mítà.

Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà tán, méjèèjì ní ká yà sí òsì. Mo ní rárá, ọ̀tún ni. Mo ní mo mọ ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, ibẹ̀ ni mo ń gbà gbé ẹrù aṣọ mi lọ sí Mòwé àti Ìbàfò nígbà tí o wà lẹ́yìn mi. Yínúsà wo ojú mi, ó yà sí ọ̀tún. Obìnrin inú kékeré ní ká yí padà. Mo ní kó ṣe sùúrù, kó wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ṣèyí, ọ̀nà náà ò sí mọ́. Ògiri funfun la bá, ó gùn débi pé mi ò rí òpin rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń jókòó níbẹ̀, òun ò gbọ́ pé ọ̀nà kan gba ibẹ̀ kọjá rí. Mo wá odò tí a ti ń bu omi mu, mi ò rí i. Mo wá abà àwọn Olúfúnṣọ́, mi ò rí i. Mo ní ká gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, a tún gba ibòmíràn, òjò bẹ̀rẹ̀, a wá wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti ẹrẹ̀ tí kò sí ẹni tí a máa bi. Yínúsà ní Mama, ibo ló kù? Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí ẹrẹ̀. Mo kàn rí i pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi dá ọ dúró, ọ̀nà tí mo mọ̀ nígbà kan ni, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n mọ ògiri lé e lórí.

Ẹ̀rọ ńlá ti funfun lójú, nǹkan kan kàn ń yí po níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Èyí kékeré ò dákẹ́. Kò bínú sí mi, kò sì bi wá pé ta ló ní ká wá síbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Yínúsà ń túmọ̀ rẹ̀, a yà, a tún yà, títí mo fi gbọ́ ariwo tírélà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. A ti dé Mòwé. Yínúsà pa mọ́tò, ó ní Mama, kí ni kí n sọ fún Ṣèyí o? Mo ní kó sọ fún ọ pé kékeré ni.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Lòmé, mo parọ́ fún ìyá mi pé ọjà Ìfọ̀ ni mò ń lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni mo padà. Mo rò pé yóò lù mí. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó ní báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Mo bá a sọ̀rọ̀ òkun, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó wu òun náà kó rí i. Ìwọ kò parọ́ fún mi. O sọ fún mi, èmi ni mo fẹ́ parọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú.

Mo ti di ẹ̀rọ ńlá padà sínú páálí rẹ̀, rán ẹnì kan wá gbé òun àti kékeré kí ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Fi owó epo ránṣẹ́ sí Yínúsà, kì í bèèrè. Fi díẹ̀ kún un fún èmi náà, kí n fi ra káàdì sínú fóònù mi, àti bàtà, ẹrẹ̀ àná ti gba èyí tí mo ní.

Olúwa yóò ṣíwájú yín, yóò tẹ̀lé yín. Ọlọ́pàá bodè yóò bá yín rẹ́rìn-ín. Taya yín kò ní bẹ́, ẹ ò ní sùn sójú títì, bí ẹ ṣe lọ ní pípé lẹ máa bọ̀ ní pípé. Ìlú yòówù tí ẹ bá dé, pè mí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, kí o dárúkọ rẹ̀ fún mi dáadáa, kí n lè mọ bí mo ṣe máa pè é nínú àdúrà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọ̀ṣuntóyìn