Ilẹ̀kùn Alhaji Tó Ń Kírun

Ilé Bàbá Ọláyínká,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà,
Òrù-Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 1964.

Zechariah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Irọ́ ni. Jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ná kí n tó kí ọ, nítorí bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ṣì wà lọ́kàn rẹ, ìkíni mi kò ní ráyè wọlé. Wọn kò tì mí mọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ra òògùn ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Táyà Alhaji tí wọ́n ní mo jí, n kò mọ ibi tó gbà lọ títí di òní. Ẹni tó gbé ìròyìn náà wọ Abigi ìlú wa gbọ́ díẹ̀, ó sì fi ti ẹnu rẹ̀ kún un kó tó gúnlẹ̀.

Nísinsìnyí mo lè kí ọ. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrin. Ṣé ara Abigail ìyàwó rẹ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ṣé ọmọ ń sùn, àbí òun náà ti gba iṣẹ́ tíṣà tó fi ń pariwo bíi tìrẹ? Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó ń dùn ún ńkọ́? Ṣé omi kò tíì wọ kíláàsì yín bíi ti èṣí? Mo dúpẹ́ pé o ń yà wo ìyá mi. O kọ̀wé pé láti ìgbà tó ti gbọ́ pé olè ni mí, kò gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ lọ sọ́jà mọ́, nítorí ojú ń tì í. Òun gan-an ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Kà á fún un, má fo ibì kankan.

Èmi náà wà níbí. Àwọn ará Òrù kò ṣe mí ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu, wọn a ní ohùn mi jọ ti ará etí omi, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Mo ń tún rédíò ṣe fún ẹni tó bá gbé e wá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, olówó rẹ̀ a gbé e lọ, yàrá mi a sì dákẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lórí iṣẹ́ tó ti parí.

Bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Alhaji Fàsásì tó ń ta gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọmọ kan, Mùbàṣírù, tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ yìí fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, èyí tí í ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì ilé láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Alhaji yóò jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì lára àpótí kan tó tó ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ, ilẹ̀kùn yóò sì máa kùn gòkè lọ. Bó bá tún un tẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe idán. Iṣẹ́ rédíò náà ni. Àpótí ọwọ́ ń ké igbe tí etí wa kò lè gbọ́. Òmíràn tí a kàn mọ́ àjà gáréèjì ń fi wáyà tó so rọ̀ bí ìrù eku gbọ́ ọ, ó sì ń pàṣẹ fún mọ́tò tó ń fa ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí o ṣe ń yí rédíò kí o tó gbọ́ Ìbàdàn. Ti àjà kò ṣe é yí. Ti ọwọ́ ni a ń fi sukudiráfà tín-ín-rín yí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ti àjà mu.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Bùsúyì, ni wọ́n pè láti ṣe é. Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ tó ń yí i, èmi wà lórí àkàbà tí mò ń kígbe, "Kò tíì gbọ́! Ó fẹ́ gbọ́! Ẹ ti kọjá a, ọ̀gá, ẹ padà!" Nígbà tí ilẹ̀kùn gbéra, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alhaji ṣàdúrà fún wa. Bí a ti ń lọ sílé, ọ̀gá sọ fún mi pé Kérésìmesì tó ń bọ̀ ni òun yóò ṣe fìrídọ́ọ̀mù mi, kí n máa wá ilé tí n óò fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì, ó ń ṣí. Mo yọ bátìrì kúrò nínú àpótí Alhaji pátápátá, ó ṣì ń ṣí. Mo gé wáyà àjà kúrú, ó di pé kí Alhaji dé ẹnu ọ̀nà gan-an kó tó gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ kò yé ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní iná jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ̀n. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò gbọ̀n. Nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, wọ́n ya àwòrán àpótí ọwọ́ méjì. Mo bi Alhaji léèrè, ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni òun rí.

Àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àsìkò ìrun ni ilẹ̀kùn máa ń ṣe é. Bí ládàánì bá ti pe ìrun òwúrọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gòkè, tí yóò sọ̀kalẹ̀, tí yóò tún gòkè, bí ẹni tó ń foríkanlẹ̀. Ṣé o rí i, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Mùtàlíbù tó ń wa lọ́rì gẹdú Alhaji kò jẹ́ kí n gbádùn. "Ọmọ Aládùúrà," ló máa ń pè mí, "ilẹ̀kùn ti gba Ọlọ́run gbọ́. Ìwọ nìkan ló kù o!"

Mo dá a lóhùn pé, "Bó bá jẹ́ mùsùlùmí òdodo, kí ló dé tí kì í kí ti ọ̀sán?"

Ó ní, "Àárẹ̀ ló máa ń mú un."

A jọ rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ẹnu mi ti kan ibi tí ọ̀ràn wà. Wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ tó ń fún ilẹ̀kùn náà níná lọ́sàn-án nílé Alhaji.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí àwọn ọkùnrin ilé ti wà ní mọ́ṣáláṣí, ilẹ̀kùn gòkè kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn táyà lọ́rì tuntun tí Alhaji tò sínú gáréèjì ti lọ. Ta ló mọ ilẹ̀kùn náà? Japheth. Ta ló ń tú àpótí rẹ̀ palẹ̀? Japheth. Wọ́n pè wá. Alhaji kò pariwo. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo igi tí kòkòrò ti jẹ. Ọ̀gá mi ló sọ̀rọ̀.

"Kúnlẹ̀, Japheth. Bẹ Alhaji."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?"

"Mo ní kó o kúnlẹ̀! Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?"

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùn-únlẹ̀. Èmi kò mọ tèmi lẹ́bi. Mo dúró. O mọ̀ mí, Zechariah. Ìwọ rí mi nígbà tí tíṣà àgbà nà mí nítorí ẹ̀sùn tí kì í ṣe tèmi, tí n kò sunkún. Alhaji ní òun kò ní pe ọlọ́pàá nítorí ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ mi nínú ọgbà òun. Kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ti ní kí n kó ẹrù mi. Kò sí fìrídọ́ọ̀mù mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àwọn tó dúró tì mí. Ìwọ mọ̀ pé èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó sí lọ́wọ́. Alàgbà wá, ó ní àwọn ń gbàdúrà fún mi kíkan-kíkan, ó sì na ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ náà wá. Adérónkẹ́ tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sódò kí a má baà pàdé. Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ kan pọ̀ jù fún kíkà náà.

Ẹnì kan ló ránṣẹ́ pè mí: Ìyá Àgbà Nimotalahi, ìyá Alhaji. Yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ògiri kan náà ni òun àti gáréèjì jọ ní. Ó ní kí n gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, Alhaji wà nínú igbó gẹdú. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Mo ní n kò fẹ́ jẹ. Ó ní, "Jẹun, oníkanra. Mo ti tọ́ ọmọ, mo mọ ojú olè. Tìrẹ kì í ṣe é. Ojú alágídí lásán ni."

Bí mo ti ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ládàánì sì pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ìyá ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní sínú yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun. Ó foríkanlẹ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn gáréèjì kùn. Ó jókòó padà, ó tún foríkanlẹ̀, ilẹ̀kùn tún kùn. Mo gbé àwo sílẹ̀.

Nígbà tó parí, mo bi í pé, "Ìyá, kí lẹ sán mọ́ ìdí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi hàn mí. Awọ ni, bí èyí tí wọ́n ń rán tírà sí, tó so okùn rẹ̀ mọ́ ìgbáròkó. Àpótí kejì ló wà nínú rẹ̀, ohùn tirẹ̀ sì ti bá ti àjà mu láti Amẹ́ríkà wá. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti tú ẹrù Mùbàṣírù, ó sì mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí Alhaji tó dé. Kò béèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní ohun tí ọwọ́ ọmọ òun gbẹ̀yìn kàn ni, òun kò sì mọ̀ bóyá òun yóò wà láyé kó tó dé. Ó gbé e fún ẹni tó ń rán tírà kí òjò má baà bà á jẹ́. Awọ náà fún pinpin. Bí ìyá bá ti tẹ̀ síwájú, itan rẹ̀ a fún awọ náà mọ́ ikùn, a tẹ bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ tí ìtẹ̀ kan bá tàsé, ilẹ̀kùn a wà ní ṣíṣí.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ dì lọ́ṣọ̀ọ́. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó ń fọwọ́ pa awọ náà lórí.

"Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún olè?"

"Ẹ kò mọ̀, Ìyá."

"Jẹ́ kí Fàsásì dé. Mo máa sọ fún un."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Mo mọ Alhaji. Yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tì í mọ́ àpótí irin rẹ̀. Ìyá ní, "Orúkọ tìrẹ ńkọ́?" Mo tú ẹ̀gbẹ́ kan awọ náà, mo yọ bátìrì, mo rán an padà, mo dá a padà fún un. Ó sán an. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, n kò sì pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́yìn náà. Mo wá sí Òrù.

Ohun tí n kò rò ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn dákẹ́. Kò ṣí fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ ò rí i? Ó kúrò nílùú, ilẹ̀kùn sinmi. Kí la tún ń wádìí?" Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn pé mo lóògùn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló di ẹlẹ́rìí tó ń takò mí. Inú bí mi. Mo dìde lọ́pọ̀ ìgbà láti padà lọ pariwo rẹ̀ lójú pópó, mo sì ń padà lọ́nà, nítorí bí mo bá ti rántí bó ṣe ń fọwọ́ pa awọ náà lórí, ẹsẹ̀ mi kì í gbé e mọ́.

Lánàá, lọ́rì gẹdú dúró níwájú ilé wa. Mùtàlíbù ni. Kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀kalẹ̀, kò kí mi. Ó na ìdì aṣọ kan jáde lójú fèrèsé. "Ìyá Àgbà ní kí n fún ọ."

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ń wò bó ti ń dáhùn. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí yà kí Alhaji, ìyá jáde sáàárín wọn, ó fọwọ́ gbá ìgbáròkó rẹ̀, ó ní, "Ibí ni ilẹ̀kùn yín ti ń kírun. Èmi ni mo ṣí i tí olè fi wọlé. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Alhaji ní kó mú nǹkan náà wá. Ìyá ní bí yóò bá kúrò lára òun, ọ̀dọ̀ ẹni tó bo àṣírí òun ni yóò lọ.

"Kí ni Alhaji wá sọ?"

"Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ."

Ó ki jíà bọ ọkọ̀. Ó wá wò mí. Ó ní, "Ilẹ̀kùn náà ti di kèfèrí báyìí o, ọmọ Aládùúrà." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Awọ náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ń rùn bí àdí àti ọṣẹ dúdú. Ọ̀gá mi kò ránṣẹ́. Alàgbà kò mú kọ́kọ́rọ́ padà wá. Adérónkẹ́, n kò mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ sódò báyìí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí, mo gbé ojú sókè, mo rí awọ yìí, mo ká ọwọ́ mi. N kò kà mọ́.

Lọ́la n óò lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni n óò gbà. N óò fi nǹkan Mùbàṣírù lé ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́, láìsí bátìrì nínú rẹ̀, bí Alhaji bá sì fẹ́ gbà á, ojú mi ni yóò ṣe.

Bá mi kí Abigail, kí o gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Kí bàbá, kí o sì kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi. Ẹni tí kò béèrè, fi sílẹ̀. Ìyá mi, má wulẹ̀ kí i fún mi. Sọ fún un pé kó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀, kó lọ sọ́jà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Japheth Olúsànyà.