Ẹja Pupa Rosendo

Rosendo, ọkọ mi, ọdún méje rèé tí o lọ. Ọdún méje rèé tí a ń pa ẹja rẹ.

Má bínú pé n kò fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ẹkún wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀ kò jẹ́ kí n ráyè sun ún dáadáa.

Ìwọ lo ní ẹja ìsun omi wa kò lẹ́wà. Ẹja tí àwọn baba rẹ bá nínú aṣálẹ̀ yìí, tí kò sí níbòmíràn láyé, o ní àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀. O lọ sí ìlú Monclova, o ra ẹja pupa tó ń dán, o dà á sómi kí àwọn àlejò tó ń wá lúwẹ̀ẹ́ lè rí nǹkan wò. Ẹja pupa jẹ ẹyin ẹja wa, ó jẹ ọmọ wọn, ó wá ń lé àwọn àgbà kiri. Ìgbín omi tí ẹja wa ń jẹ wá pọ̀, ó bo gbogbo òkúta. Nígbà tí ọkàn rẹ fi dákẹ́ nínú oko, omi náà ti pọ́n. Àwọn tó wá sìnkú rẹ ní ó mà lẹ́wà o.

A ti parí yàrá ẹ̀yìn tí o bẹ̀rẹ̀. Eulalia ọmọ rẹ ti lọ́kọ, ó sì mọ ìgèrè dẹ ju ọkọ rẹ̀ lọ. Òun ló kó ìwọ̀nba ẹja wa tó ṣẹ́kù sínú ọpọ́n òkúta tí àwọn ewúrẹ́ rẹ fi ń mumi. Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? A ti tà wọ́n. Ojoojúmọ́ la ń pọn omi ìsun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá sínú ọpọ́n, nítorí ẹja wọ̀nyẹn kì í fara da omi tútù. Ẹja pupa tí a bá mú, adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Ẹyin adìẹ wa ń rùn bí ẹja. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ ẹ́, tí a sì ń rántí rẹ.

Lọ́dún yìí, ìgèrè ń wálé lófìfo. Eulalia wo inú gbogbo ihò, ó tú abẹ́ koríko, kò rí pupa kankan. A ní ọjọ́ ìrántí rẹ gan-an la máa dá ẹja wa padà sílé. Mo tiẹ̀ ti ń dárí jì ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a dà wọ́n sómi, gbogbo wọn. Wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni tí kò dá ilé mọ̀ mọ́, wọ́n wá wọ àárín òkúta lọ. Ibẹ̀ la wà tí Fidencio ọ̀rẹ́ rẹ, bàbá ìsàmì Eulalia, fi dé tòun ti korobá òfìfo.

“Ìyá Eulalia, ẹ kú ọjọ́ òní o. Èmi ti ṣe tèmi kí ẹ tó jí.”

“Kí lẹ ṣe, Bàbá?” Eulalia ló bi í.

“Ṣebí ohun tí òkú fẹ́ràn là ń gbé fún un lọ́jọ́ ẹ̀? Ẹ̀yin gbé wàràkàṣì ewúrẹ́ lọ sójú oórì. Ta ló rántí ẹja ẹ̀? Mo wo omi níjọ́sí, n ò rí ẹyọ kan. Ẹ ti jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ kú, ẹ̀yin aláìnáání. Mo lọ bu òmíì wá látinú adágún omi ìlú, níbi tí irú ẹ̀ ṣì pọ̀ sí, mo dà á sí apá òkè lọ́hùn-ún, kí Rosendo má baà rò pé a ti gbàgbé òun.”

Eulalia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fidencio rò pé ọpẹ́ ni, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

“Ó tó, ọmọ mi. Ta ló lè gbàgbé bàbá ẹ?”

Rosendo, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ jù. Èmi náà fẹ́ràn rẹ títí di òní, àárò rẹ sì ń sọ mí, n kò rí nǹkan ṣe sí i. Sùn ire. A ti tún ìgèrè dẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹja wa kankan nínú ọpọ́n mọ́. Gbogbo wọn wà nínú omi lọ́dọ̀ ẹja pupa tìrẹ.