Ẹni Tó Jókòó Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ, 2025

Bàbá Òtútù ti fi àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ìjọba Kánádà ń béèrè ránṣẹ́. Ojú ewé mẹ́rin. Èmi tí mo ń di ìwé fún gbogbo ayé ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ìwé ti ara mi ló wá ń bà mí lẹ́rù.

Ìwé ìgbéyàwó láti ìjọba ìbílẹ̀ – ó wà. Ìwé ọlọ́pàá pé mi ò dáràn rí – mo tẹ̀ka fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rí pé à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ – WhatsApp kún fọ́fọ́. Ogún fọ́tò, tó fi hàn pé tọkọtaya tòótọ́ ni wá. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Adégbénró ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́ta ní Kánádà. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Bàbá Òtútù. Mi ò jẹ́ dán an wò lójú rẹ̀. Òun ló fẹ́ fà mí wọlé síbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìwé wa, a ó máa gbé pọ̀. Bí wọn ò bá gbà á, fóònù ni títí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo tú àwọn fọ́tò sórí bẹ́ẹ̀dì. Ti ìdáná wa ló pọ̀ jù. Ìlàjẹ ní Bàrígà, létí ọ̀sà, oṣù kọkànlá 2023. Èmi rèé tí mo ń dé fìlà fún ọkọ. Èmi rèé tí mo jókòó lórí ẹsẹ̀ ọkọ. Èmi àti ọkọ, à ń gé àkàrà òyìnbó.

Ọkọ tó wà níbẹ̀, Akọ̀wé ni.

Akọ̀wé ni àbúrò Bàbá Òtútù. Wonder lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, mo bá fún un ní tèmi. Nígbà ìdáná, ìwé Bàbá Òtútù kò tíì pé lọ́hùn-ún, kò lè wálé. Bàbá wọn sì ń ṣàìsàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú àwọn rí ìyàwó náà. Àwọn àgbà ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀, ẹbí ló ń gbé ìyàwó. Bí àbúrò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí mi dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, tí ọkọ ń wò wá lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òyìnbó kan máa béèrè lọ́jọ́ kan pé ta nìyí.

Ọjọ́rú, 6

Fọ́tò tí èmi àti ọkọ mi jọ yà: mẹ́ta. Mo tún un kà.

Ó wálé ní oṣù kìíní ọdún yìí láti sin bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àárín rẹ̀ la sáré lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ta ló ń ya fọ́tò nínú ilé ọ̀fọ̀? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìwé gbélé-ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo sọ fún Bàbá Òtútù. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, ṣebí ibi iṣẹ́ mi ni Saheed wà. Saheed ló ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún wa. Ó ti hu irun sí orí pípá olóṣèlú kan rí lórí kàlẹ́ńdà ìpolongo ìbò. Bàbá Òtútù ní kó yọ ojú Akọ̀wé, kó fi tòun síbẹ̀.

Mo ní rárá. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mo ní bí wọ́n bá mọ̀, ọdún márùn-ún ni wọ́n máa fi tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó wá ní, “Bísí, àbí o ò fẹ́ wá ni?”

 

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Inú ń bí mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba Ìlàjẹ lọ. Ìyá ọkọ mi ń yí ẹja lórí iná, èéfín ń ta sí wọn lójú. Mo ṣàlàyé wàhálà fọ́tò fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé òyìnbó rò pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń fẹ́ ìyàwó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò, Mà.

Akọ̀wé dé bá wa níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá wa kọ lẹ́tà, kó sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kó lọ búra lé e ní kóòtù. Ojú ẹsẹ̀ ló gbà. Ó ní òun nìkan lọkùnrin ní gbogbo Bàrígà tó dọ̀bálẹ̀ gba ìyàwó tó sì dá nìkan lọ sílé. Ìyá wọn ju ìrù ẹja lù ú.

Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Mo ń ṣa WhatsApp. “O ti jẹun?” “Mo ti jẹun.” “Iná wà?” “Kò sí iná.” Oṣù kan, oṣù méjì. Ẹni tó bá kà á á ní onílé àti ayálégbé ni wá.

Mo wá kan ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Ìpè kan: wákàtí mẹ́rin, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. A ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tó ìdajì wákàtí. Ó kàn wà lórí ìlà ni, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́. Mo tẹ ìyẹn jáde, mo sì sunkún lé e lórí díẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbì kan.

Ọjọ́bọ̀, 14

Akọ̀wé ti búra. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: fọ́tò ìdáná bó ṣe wà, lẹ́tà Akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, fọ́tò mẹ́ta tiwa. Mo fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òtítọ́ ni mo sọ. Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Òtútù kó bá wa fi sílẹ̀. Ó ní ó ṣeun. 

Ọjọ́ Ajé, 18

Ó ti fi sílẹ̀. Ó kù ká máa retí.

Ọjọ́rú, 20

Mo ń kó kàlẹ́ńdà jọ ní ibi iṣẹ́ nígbà tí Saheed pè mí. Ó ní, “Àǹtí Bísí, fọ́tò yẹn ṣe dáadáa? Bọ̀ọ̀dá ò fún mi lésì.” Ó rò pé mo mọ̀. Ó ṣí i fún mi lórí kọ̀ǹpútà.

Èmi rèé, mo ń dé fìlà fún Adégbénró.

Mi ò lè parọ́ fún ìwé yìí: ó dùn mọ́ mi. Mo wò ó pẹ́. Ìdáná tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ojú nìkan ni Saheed pààrọ̀. Ọwọ́ tó wà ní ìbàdí mi, ti Akọ̀wé ni.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo bi Bàbá Òtútù léèrè. Kò jiyàn. Ó yọ lẹ́tà Akọ̀wé kúrò, ó fi fọ́tò Saheed síbẹ̀. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ní kí n má fòwe pa òun, bí mo bá kọ̀wé sí wọn, wọ́n lè da gbogbo ẹ̀ nù. Mo ní mo mọ̀.

“Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn,” mo ní. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Mo ti kọ̀wé sí wọn ní Kánádà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo fi lẹ́tà Akọ̀wé àti àwọn fọ́tò gidi tì í, mo tẹ̀ ẹ́ kó lọ.  Mo fẹ́ lọ bá ọkọ mi, ó ń ká mi lára. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dé ọ̀hún kí àyà mi máa já nígbàkígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn.

Mo kọ̀wé sóun náà pé mo ti ṣe é. Ó rí i. 

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ó pè.  Mo ti múra ìjà sílẹ̀.

Ó ní kì í ṣe òyìnbó lòun fẹ́ tàn jẹ. Ó ní, “Ojú ló ń tì mí, Bísí. Wọ́n máa rí i pé mi ò sí níbi ìdáná ìyàwó mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wò yín lọ́jọ́ yẹn. Inú yín ń dùn. Mo pa kámẹ́rà kẹ́ ẹ má bàa rí i pé mò ń sunkún.”

Mi ò mọ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì, kò sọ ọ́ rí, èmi náà ò béèrè.

Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí wọn kún tèmi. Ó ní ṣé pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.