Ọwọ́ Ọ̀gá Mi Ti Ń Gbọ̀n

                                        Ṣọ́ọ̀bù Gẹrígẹrí,
                                        Iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Agùntáṣọọ́lò,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyàwó àti ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Tí o bá béèrè èmi, ara mi le, mo sì ń rẹwà sí i. O mọ̀ pé mi ò kàwé débì kan, ṣùgbọ́n tó bá di ti ká gé irun, gbogbo àwọn tó kàwé ló ń tẹrí ba fún mi.

Ẹ̀rín parí síbẹ̀. Mo rí fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fọwọ́ sí, ká lè gba owó tí àwa méjèèjì ti ń fi pamọ́ sí báǹkì láti ìgbà tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ká fi ra alùpùpù. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní ká rà á, mi ò jiyàn. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ ná.

Ṣé o rántí ọ̀gá mi, Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ gẹrígẹrí? Wọ́n á fi abẹ fá irùngbọ̀n ẹni tó ń sùn, onítọ̀hún ò ní jí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ báǹkì kan gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì: "Báǹkì tèmi rèé. Kì í tilẹ̀kùn." Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Báǹkì ọ̀hún ti ń gbọ̀n báyìí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin, síbẹ̀ wọ́n ń ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á wọlé, á rí àga wọn tó ṣófo, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, mò ń dúró de ẹnì kan ni." Èmi ni ẹnì kan yẹn. Mẹ́rin á tò sọ́dọ̀ mi, Bàbá á máa nu díńgí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀, o ṣáà mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí wọ́n lọ sinmi nílé jàre. Wọ́n wò mí títí. "Ọwọ́-Òróró, tí mo bá sinmi lónìí, kí ni màá jẹ lọ́la?" Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń béèrè ni, bíi pé mo mọ ìdáhùn. Wọ́n ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro. Èmi, ìdí àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ni mo ti ń wò ó.

Nítorí náà, mi ò fọwọ́ sí i. Mo yẹ àdéhùn, mo mọ̀. Bú mi dáadáa, ẹ̀tọ́ ẹ ni. Ká máa tu owó alùpùpù jọ lọ́tọ̀, màá kún un fún ẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ká má fọwọ́ kàn án títí ọwọ́ tiwa náà á fi máa gbọ̀n.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Tí o bá rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, má fi orí mi ṣe yẹ̀yẹ́. Lánàá, níwájú àwọn oníbàárà mẹ́rin, mo lọ jókòó sórí àga Bàbá, mo ní kí wọ́n gé irun mi. Ó gbà tó wákàtí kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, abẹ sì bù mí lẹ́yìn etí. Mo wo díńgí, mo ní kò sẹ́ni tó gé mi báyìí rí. Mo sanwó, mo dọ̀bálẹ̀.

Èmi ni tìẹ títí dọjọ́ ogbó,

Ọwọ́-Òróró.